Ọjọ́ Àìkú tí Ẹ̀ńjìnnì Collegno Fọn Fèrè

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, páìpù kan jò ní yàrá ìfọṣọ casa di riposo tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Torino, ilé tí a ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Mo gbé agbọ̀n aṣọ ibùsùn lọ síbẹ̀. Bí mo ṣe ṣí ilẹ̀kùn ni oru gbígbóná dì mọ́ mi lójú, pẹ̀lú òórùn kan tí mi ò gbọ́ láti ọgbọ̀n ọdún ó lé: òórùn omi gbígbóná lórí irin àtijọ́ tí gírísì ti wọ̀ lára. Ẹlẹgbẹ́ mi tó jẹ́ ọmọ Peru sáré lọ pa omi. Èmi kò sáré. Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ, agbọ̀n lọ́wọ́, ìpéǹpéjú mi ń tutù, owú kan tí mo rò pé mo ti dàgbà kọjá sì dìde nínú mi bí ẹni pé àná ló bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ tí a bí síhìn-ín, tí òbí yín ń fi Yorùbá pè yín tí ẹ ń fi Italian jẹ́, ẹ ò lè mọ bí Collegno ṣe rí nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀yin kàn máa ń bá metro débẹ̀ ni. Nígbà náà kò sí metro rárá. Bọ́ọ̀sì la máa ń dúró dè nínú kùrukùru, tí a ó máa fẹ́ èémí sí àtẹ́lẹwọ́. Palazzo tí à ń gbé ga ní àjà mẹ́fà, lift rẹ̀ a sì máa ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ tó bá wù ú. Ìdílé Yorùbá méjì péré ló wà níbẹ̀: àwa ní àjà kejì, àwọn Ìyá Rìkáyá ní àjà kẹrin. Bí ìyá mi bá ń dín ata, gbogbo àtẹ̀gùn a mọ̀. Signora tó ń gbé nísàlẹ̀ a ṣí fèrèsé rẹ̀, a tún pa á dé gbàà, kí a lè gbọ́. Tí a bá fẹ́ bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀, a ó gbé rédíò kásẹ́ẹ̀tì sórí tábìlì, ẹnì kọ̀ọ̀kan a sọ tirẹ̀ sínú rẹ̀. Bàbá mi a kọ́kọ́ wúkọ́, wọn a kí ìyá wọn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko, lẹ́yìn náà a ó wá ẹni tó ń lọ sí Abẹ́òkúta tí yóò bá wa mú kásẹ́ẹ̀tì náà dání. Èsì lè gba oṣù mẹ́ta. Síbẹ̀, lójú tèmi, a máa ń sọ̀rọ̀ nígbà yẹn ju bí a ṣe ń sọ ọ́ nísinsìnyí lọ.

Iṣẹ́ tèmi nínú ilé ni kí n máa túmọ̀. Àwọn òbí mi ti dàgbà kí wọ́n tó dé Italy, èdè náà kò sì tètè wọ̀ wọ́n lẹ́nu. Bàbá mi ní pàtàkì, ẹni tó lè fi Yorùbá pa ènìyàn lẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú onítọ̀hún, a wá di ẹni tó ń mi orí ṣáá tí Italian bá ti bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo ń bá wọn lọ sí questura, ọ́fíìsì ọlọ́pàá, nítorí permesso, ìwé ìgbélùú, èmi ni mo ń sọ ibi tó ń dùn wọ́n fún dókítà, èmi ni mo ń ka ìwé tí onílé bá fi ránṣẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì a máa wo ojú mi, wọn a gbàgbé bàbá mi tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kí n má purọ́, ó dùn mọ́ mi. “Kí ló wí?” tí bàbá mi máa ń bi mí, tí wọ́n á tẹ ọrùn sọ́dọ̀ mi kí wọ́n lè gbọ́, ni ohùn tó dùn jù lọ létí mi láyé ìgbà náà.

Ní fonderia, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin, iṣẹ́ alágbàṣe ni wọ́n fún bàbá mi: kí wọ́n ti ẹrù síbí, kí wọ́n gbá iyanrìn sọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n fítà ni wọ́n nílé. Ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n fi tún ẹ̀ńjìnnì rélùwéè ṣe ní Èbúté-Mẹ́ta kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú wá síbí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti ibi iṣẹ́, wọ́n gbọ́ ìró òòlù lórí irin nínú capannone kan, ilé onípáànù gbàgẹ̀rẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Wọ́n ní ìró yẹn ló dá àwọn dúró, nítorí ẹni tó ń lu irin náà ń lù ú níbi tí kò yẹ. Wọ́n wọlé. Àwọn arúgbó Italian mẹ́rin tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè ló wà níbẹ̀, wọ́n yí ẹ̀ńjìnnì dúdú kan ká bí àwọn dókítà tó yí aláìsàn ká. Bàbá mi sún mọ́ wọn. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n gba òòlù lọ́wọ́ èyí tó ń jẹ́ Signor Piero, wọ́n lu irin náà lẹ́ẹ̀mẹta, nọ́ọ̀tì tó ti ń yọ àwọn arúgbó náà lẹ́nu láti àárọ̀ sì tú. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, bàbá mi fà mí lọ́wọ́ lọ síbẹ̀ kí n lè máa túmọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ̀ńjìnnì yẹn ṣe rí, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni a gbọ́ nílé wa fún ọdún kan àti ààbọ̀. Ní ayé àtijọ́ tí wọ́n ń la ojú irin gba àárín àwọn òkè, ọ̀nà a máa lọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Ẹ̀ńjìnnì kúkúrú lè bá a lọ́, ṣùgbọ́n kò ní agbára tó láti fa ẹrù gun òkè. Èyí tó gùn ní agbára, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá to wíìlì púpọ̀ sábẹ́ férémù kan ṣoṣo, yóò há ní kọ́nà. Ẹ̀ńjìníà kan tí wọ́n bí ní Switzerland, tó ń ṣiṣẹ́ ní France, ló wá ronú pé kí wọ́n gé ìsàlẹ̀ ẹ̀ńjìnnì sí méjì kí wọ́n sì fi òkè rẹ̀ sílẹ̀ lódindi. Bọ́ílà kan ṣoṣo ló gùn gbọọrọ lókè. Lábẹ́ rẹ̀, àwọn wíìlì ẹ̀yìn dúró gbọnyin, wọ́n dè wọ́n mọ́ bọ́ílà. Àwọn ti iwájú wà lórí férémù tiwọn, tí wọ́n fi ìdè kan so mọ́ ti ẹ̀yìn bí a ṣe ń so ilẹ̀kùn mọ́ férémù rẹ̀, kí ó lè yà sọ́tùn-ún, kí ó yà sósì. Tí kọ́nà bá dé, iwájú a kọ́kọ́ yà, ẹ̀yìn a tẹ̀lé e.

Èyí tó wá ń mú inú bàbá mi dùn jù ni ti oru. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀ńjìnnì tó wà ṣáájú, oru omi a ti písítìnì lẹ́ẹ̀kan, ó parí, á gba ẹnu ṣímínì jáde tòun ti agbára tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀. Ọkùnrin yìí kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí oru tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú bọ́ílà kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ nínú sìlíńdà kékeré méjì tó wà lẹ́yìn. Nígbà tó bá ti rẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kí ó gba páìpù lọ síwájú, sínú sìlíńdà ńlá méjì, torí oru tó ti rẹ̀ nílò àyè púpọ̀ kí ó tó lè ti nǹkan. Páìpù tó ń lọ síwájú yìí gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ bí iwájú ṣe ń yà, oríkèé irú páìpù bẹ́ẹ̀ a sì máa fẹ́ jò. Ṣùgbọ́n oru tó ti ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan kò le tó èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti inú bọ́ílà, nítorí náà oríkèé lè dì í mú.

“A ní ẹ̀ńjìnnì oníoríkèé nílé náà,” bàbá mi a wí nídìí oúnjẹ, “ṣùgbọ́n àwọn tiwa kì í lo oru lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ṣe eléyìí, kò fẹ́ kí ohunkóhun ṣòfò.”

Ìyá mi a ní kí wọ́n jẹun kí ọbẹ̀ tó tutù.

Oríkèé páìpù yẹn ló ti bàjẹ́ jù nínú gbogbo ẹ̀ńjìnnì náà, kò sì sí ibi tí wọ́n ti lè ra òmíràn. Bàbá mi ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún àwọn. Sátidé lẹ́yìn Sátidé, wọn a wà lábẹ́ ẹ̀ńjìnnì níbi tí ẹsẹ̀ wọn nìkan ti ń hàn, wọ́n ń fi fáìlì ha òrùka irin, wọ́n ń wé okùn tí wọ́n ti rẹ sínú gírísì, wọ́n ń tú u, wọ́n ń tún un wé. Ní fonderia, “ehi, tu”, ìwọ yẹn, ni orúkọ wọn. Nínú capannone, maestro, ọ̀gá, ni àwọn arúgbó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń pè wọ́n.

Rìkáyá àti èmi jọ jẹ́ ọmọ ọdún kan náà. Bàbá tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Treviso, nílé iṣẹ́ kékeré kan tí wọ́n ti ń ṣe àga, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n ń wálé. Ní Sátidé kan, ìyá rẹ̀ ní orí púpọ̀ láti dì, ó sì ní kí Rìkáyá bá wa lọ. Èmi dúró sídìí sítóòfù gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, ọwọ́ nínú àpò, mò ń túmọ̀, mò ń ro ìgbà tí a máa lọ sílé. Rìkáyá yí ẹ̀ńjìnnì náà po lẹ́ẹ̀kan. Ó lóṣòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀.

“Bàbá,” ó wí, “kí ló dé tí ti iwájú fi tóbi ju ti ẹ̀yìn lọ?”

Sìlíńdà ló ń wí. Mo ti kọjá lára wọn ní ogún ìgbà, mi ò rí i pé wọn kò dọ́gba. Bàbá mi rá jáde láti abẹ́ ẹ̀ńjìnnì. Wọ́n nu ọwọ́, wọ́n jókòó lórí àpótí irinṣẹ́, wọ́n sì dá a lóhùn látòkèdélẹ̀, pẹ̀lú ìka, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lórí ilẹ̀, ojú wọn ń tàn. Wọn kò rá jáde rí nítorí tèmi. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé wọ́n ti gbìyànjú láti ṣàlàyé ohun kan náà fún mi nígbà kan, mo sì yán. Wọ́n ní, “Kò burú,” wọn kò sì tún dán an wò mọ́.

Láti ọjọ́ yẹn, Rìkáyá kò pa Sátidé kan jẹ. Bàbá mi bá a wá sípánà kékeré. Ìyá mi gé ófàrọ́ọ̀lù bàbá mi kan tó ti gbó, ó rán an fún un, mo sì jókòó síbẹ̀ mò ń wò ó bó ṣe ń rán an. Mi ò fẹ́ ófàrọ́ọ̀lù náà o. Bí wọ́n bá gbé e fún mi, mi ò ní wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ó dùn mí dé eegun. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ẹran tí wọ́n ń bù fún un nílé wa. Mo fi ìbọ̀wọ́ rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn èédú, ó rí i, ó gbọn eruku rẹ̀ dànù, kò sì bi mí. Èyí tó wá burú jù ni ti Italian. Àwọn arúgbó yẹn ní èdè tiwọn fún gbogbo nǹkan tó wà lára ẹ̀ńjìnnì, ọ̀rọ̀ tí wọn kì í kọ́ wa nílé ìwé. Èmi a máa kọsẹ̀ níbẹ̀, a máa wí pé, “Nǹkan kan báyìí ni wọ́n ń wí, bàbá.” Rìkáyá kọ́ gbogbo rẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀. Ní ọjọ́ kan, Signor Piero sọ̀rọ̀ tán, mo la ẹnu, bàbá mi sì wo orí mi kọjá.

“Rìkáyá, kí ló wí?”

Mo ti di àgbà nísinsìnyí, mo ti sin òkú, mo ti bímọ, mo ti rí ohun tó le ju ìyẹn lọ. Síbẹ̀ mo ṣì lè sọ fún yín ibi tí mo dúró sí nígbà tí wọ́n sọ ọ́, àti àwọ̀ bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ mi.

Wọ́n dá ọjọ́ tí wọ́n máa dáná sí ẹ̀ńjìnnì náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú, fóònù ilé wa dún. Èmi nìkan ni mo wà nílé. Ohùn Signor Piero ni.

“Ìwọ ni, bambina? Sọ fún papà pé a ti yí ọjọ́ padà. Ẹni tí ìjọba fẹ́ rán wá wo bọ́ílà kò ní ráyè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọjọ́ Àìkú yìí ni, ní aago mẹ́sàn-án. Mo mọ̀ pé straordinario, iṣẹ́ àṣekún fonderia, máa dí wọn lọ́wọ́ ní Sátidé, a ò ní ríra, ìdí nìyẹn tí mo fi pè. Sọ fún wọn pé àwọn ló máa ṣí oru sí i. Oríkèé yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni.”

Mo ní mo ti gbọ́.

“Kí Rìkáyá náà wá. Mo ti tọ́jú àyè kan fún un lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná.”

Mo dúró kí orúkọ tèmi tẹ̀lé e. Signor Piero kí mi pé ó dàárọ̀, wọ́n sì gbé fóònù sílẹ̀.

Nígbà tí bàbá mi wọlé, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n bi mí bóyá ẹnikẹ́ni béèrè àwọn. Mo ní, “Rárá, bàbá.” Ọ̀rọ̀ méjì péré. Mo sọ fún ara mi pé lọ́la ni n ó sọ ọ́. Ní ọ̀la, wọ́n ti rẹ̀. Ní Sátidé, wọ́n wà níbi straordinario títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n jẹun, wọ́n sùn. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi ní gbogbo ìgbà yẹn. Nígbà kan, mo bá Rìkáyá pàdé lórí àtẹ̀gùn, ó ń ka ọjọ́ tó kù lórí ìka rẹ̀: mẹ́jọ, ó ní, ó ku mẹ́jọ. Mo kọjá lára rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Àìkú, ìyá mi wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Torino. Mo ní inú ń run mí. Bàbá mi sinmi nílé, wọ́n jókòó sínú kíṣìnnì pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń ki búrẹ́dì bọ tíì. Aago mẹ́sàn-án kọjá. Aago mẹ́wàá lù. Lẹ́yìn náà ni fèrè kan dún láti ìhà ojú irin, ó kọ́kọ́ há bí ọ̀fun tó gbẹ, ó wá là, ó gùn, ó gba orí gbogbo òrùlé Collegno kọjá.

Bàbá mi rọra gbé búrẹ́dì sílẹ̀.

“Wọ́n ti dáná sí i,” wọ́n wí, pẹ̀lú ohùn ẹni tó gbọ́ ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ará ọ̀nà.

Wọ́n wọ kóòtù lé síńgílẹ́ẹ̀tì, wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ sálúbàtà. Rìkáyá ti ń sáré bọ̀ láti òkè, ìborí rẹ̀ lọ́wọ́. A jọ jáde, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bàbá mi ń rìn kíákíá bí ẹni tí kò fẹ́ sáré lójú àwọn ọmọ, títí wọ́n fi wá ń sáré. Nígbà tí a débẹ̀, ẹ̀ńjìnnì náà ti jáde, ó ti yí kọ́nà tó wà lẹ́yìn capannone, ó ti padà sáyè rẹ̀. Wọ́n ti ń kó iná jáde láti inú rẹ̀. Oru funfun ṣì ń rábàbà lábẹ́ páànù, òórùn irin gbígbóná gba ibi gbogbo. Ẹni tí ìjọba rán ti ń wọ mọ́tò rẹ̀ lọ. Ẹnì kan ń ká ẹsẹ̀ kámẹ́rà pọ̀. Kò sí bí wọ́n ṣe lè tún un dá lọ́jọ́ yẹn, torí bọ́ílà tó tó yẹn, iná ìdajì ọjọ́ ló ń mú un gbóná.

Signor Piero rí bàbá mi, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì. Wọ́n ní àwọn pè lọ́jọ́bọ̀. Wọ́n ní àwọn sọ fún bambina. Wọ́n ní àwọn dúró títí aago mẹ́wàá, ẹni ìjọba kò sì lè dúró mọ́.

Italian ni gbogbo rẹ̀, ó sì yára. Bàbá mi yíjú sí Rìkáyá.

“Kí ló wí?”

Rìkáyá wò mí. Mi ò mọ bí ó ṣe pẹ́ tó. Mo rí i pé ó ti mọ gbogbo rẹ̀. Mo wo ilẹ̀.

“Wọ́n ní àwọn pe fóònù lọ́jọ́bọ̀, Bàbá,” ó wí. “Wọ́n ní ẹnì kankan ò gbé e.”

Bàbá mi mi orí díẹ̀díẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ ẹ̀ńjìnnì pẹ̀lú kóòtù wọn, wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan oríkèé páìpù náà, wọ́n tètè fà á padà torí ó gbóná. Kò sí omi kankan lórí rẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n ní kí Rìkáyá bá àwọn sọ fún wọn pé wọ́n kú iṣẹ́. A padà sílé.

Ẹ máa rò pé mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Rìkáyá. Mi ò dúpẹ́. Ṣe ni mo kórìíra rẹ̀ sí i. Ó ti gba bàbá mi, ó ti gba iṣẹ́ mi, ní báyìí ó tún ti ṣe mí lóore, mi ò sì ní ibi tí mo lè gbé oore náà sí. Kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn, bàbá rẹ̀ rí ilé ní Treviso, wọ́n sì wá fi ọkọ̀ akẹ́rù kó wọn. Mo dúró sẹ́yìn kọ́tìnnì. Ó gbé ojú sókè sí fèrèsé wa lẹ́ẹ̀mejì, kí ó tó wọlé sínú ọkọ̀ pẹ̀lú àpò tí ó kó sípánà rẹ̀ sí.

Bàbá mi lọ sí capannone fún Sátidé méjì sí i, wọn kò sì lọ mọ́. Wọ́n ní ara ń ro àwọn. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, ọmọ Signor Piero tó jẹ́ obìnrin pè wá pé bàbá òun kú. Mo túmọ̀ rẹ̀ dáadáa nígbà yẹn, gbogbo rẹ̀, ọjọ́, aago àti orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá mi ní iṣẹ́ wà fún àwọn lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀ pé kò sí.

Wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n padà sí Abẹ́òkúta, ìyá mi sì tẹ̀lé wọn. Ní ọdún tó kọjá, mo lọ wo ọmọ mi obìnrin tó ń kàwé ní Padova. Mò ń dúró de ọkọ̀ ní stazione, ibùdó rélùwéè, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin kan wọlé láti Treviso. Ẹni tó ń wà á sọ̀ kalẹ̀ láti iwájú, obìnrin kan nínú yúnífọ́ọ̀mù, ìborí aláwọ̀ búlúù lórí. Ó kọjá lára mi, ó dúró, ó sì padà.

“Ìwọ nìyí,” ni Rìkáyá wí.

A jókòó sí bar tó wà níbẹ̀, ogún ìṣẹ́jú ló ní. Ọkọ̀ ojú irin ló ń wà láti ọdún méjìlá. Ó béèrè àwọn ọmọ mi. Kò béèrè bàbá mi, mo sì mọ ìdí rẹ̀: gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ló ń pè wọ́n. Ìyá mi ti sọ fún mi. Mo bi í ohun tí mo ti fẹ́ bi í láti ìgbà èwe.

“Kí ló dé tí o fi bò mí láṣìírí lọ́jọ́ yẹn?”

Ó rẹ́rìn-ín sínú kọfí rẹ̀. “Kì í ṣe nítorí tìẹ. Tí mo bá sọ òtítọ́, ìjà á wọ ilé yín, ìyá ẹ á ní ẹ̀ńjìnnì ló fà á, ẹnì kankan ò sì ní mú mi lọ síbẹ̀ mọ́ ní Sátidé. Mo fẹ́ lọ ní Sátidé. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.” Ó ti ife kọfí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Bàbá tèmi máa ń wálé lẹ́ẹ̀kan lóṣù, wọn a sùn. Tìẹ ló ń dáhùn ìbéèrè mi. Ìwọ ń bá wọn jẹun lálaalẹ́, o ò tiẹ̀ gbádùn rẹ̀. Mo máa ń jowú rẹ débi pé orí á fọ́ mi.”

Mo padà sí Torino pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yẹn, mo sì gbé e ká fún odidi ọdún kan láìṣe nǹkan kan sí i. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí páìpù jò, mo ṣíwọ́ iṣẹ́, mo délé, mo pe bàbá mi. Ojú wọn yọ nínú fóònù, ó ti rù, wọ́n gbé e sún mọ́ imú bí wọ́n ti máa ń ṣe. Mo ní mo ní ọ̀rọ̀ kan, mo sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: Ọjọ́bọ̀, fóònù, aago mẹ́sàn-án, “Rárá, bàbá.”

Mò ń gbọ́ adìyẹ lẹ́yìn wọn.

“Piero pè nígbà náà,” wọ́n wí.

“Wọ́n pè, bàbá. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa ṣí oru sí i.”

“Mo rò pé irọ́ ló pa ni.” Ohùn wọn kò le. “Torí mo mọ̀ pé ilé kò ṣófo lọ́jọ́bọ̀ yẹn, o ti dé láti ilé ìwé, o máa ń gbé fóònù. Mo wí fún ara mi pé ó jẹ́ pé wọn ò fẹ́ kí n wà níbẹ̀ lójú ẹni ìjọba. Kí ẹni ìjọba má baà ní alágbàṣe dúdú ló ṣe é.” Wọ́n gbé fóònù sí ọwọ́ kejì. “Mi ò lọ síbi òkú rẹ̀.”

Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, bàbá, kí wọ́n dárí jì mí. Wọ́n ní ọmọdé ni mí nígbà náà. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, “Èmi ìbá lọ,” wọ́n sì béèrè bóyá òjò ń rọ̀ ní Torino.

Ibi tí capannone yẹn wà ti di ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí níwájú ṣọ́ọ̀bù ńlá kan. Wọ́n ti gbé ẹ̀ńjìnnì náà lọ sí ìlú mìíràn, níbi tí wọ́n ń kó àwọn ohun àtijọ́ jọ sí. Mo lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan. Fọ́tò Ọjọ́ Àìkú yẹn wà lára ògiri, àwọn arúgbó mẹ́rin àti ẹni ìjọba, oru ń bò wọ́n dé orúnkún. Bàbá mi kò sí níbẹ̀, orúkọ wọn kò sì sí nínú ìwé tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Àwọn òbí tó ń dé sí ìlú yìí nísinsìnyí kì í mú ọmọ dání lọ sí questura mọ́. Wọ́n á gbé fóònù sẹ́nu, fóònù á bá wọn túmọ̀, kò sì ní ìdí kankan láti fi nǹkan pamọ́ fún wọn. Mo rí i pé ó dára bẹ́ẹ̀. Mo sì tún rí àwọn ọmọ wọn tí wọ́n jókòó sórí àga, tí ẹnì kankan kò bi wọ́n ní ohunkóhun.

Àná ni ọjọ́ Jímọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, mo pe Rìkáyá, mo bi í bóyá ó ti bá bàbá mi sọ̀rọ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó tó wákàtí kan. Mo bi í bóyá wọ́n dárúkọ mi. Ó ní rárá, ọ̀rọ̀ búrẹ́kì ọkọ̀ òun tuntun ni àwọn ń sọ, bàbá mi sì ní ìbéèrè púpọ̀.

Mo gbà á gbọ́. Mo sì jowú.